Kí Òkun Tó Dé

Ọ̀run ń ya bọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnì kan. Òwe yìí ni wọ́n máa ń fi pa mí lẹ́nu mọ́ bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ooru tó ń gorí ooru, òjò tí kò mọ àkókò rẹ̀ mọ́, àti òkun tó ń sún mọ́ ilé. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé kí n fọkàn balẹ̀: bí yóò bá ya, gbogbo wa ni yóò ya lé lórí. Mo máa ń dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí ilé bá ti pa rọ́rọ́, èmi nìkan á tún máa bá òwe náà jà. Ibo ni ọ̀run ti ya lé gbogbo ènìyàn lórí lẹ́ẹ̀kan náà rí? Igun kan ló máa ń ti bẹ̀rẹ̀. Orí àwọn kan ló máa ń kọ́kọ́ já lé, àwọn yòókù á sì máa wò ó láti òkèèrè.

Ayétòrò ni ọkàn mi máa ń sá lọ, létí òkun ilẹ̀ Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ní 1947, àwọn ọmọ ìjọ Aládùúrà kan tí àwọn ará ilé wọn ń ṣe inúnibíni sí kó ẹrù wọn, wọ́n lọ tẹ ìlú tuntun dó sórí ẹrọ̀fọ̀. Orí òpó ni wọ́n kọ́ ilé lé, orí pákó ni wọ́n sì ń rìn láti ojúlé dé ojúlé. Àpò kan ni gbogbo wọn jọ ń ná. Apẹja kó ẹja dé, ti ìlú ni. Ẹni tó kan ọkọ̀, ti ìlú ni. Ìlú náà ló sì ń bọ́ wọn, tó ń ra aṣọ sí wọn lọ́rùn. Láàárín ọdún díẹ̀, wọ́n ti ní iná mànàmáná tiwọn, wọ́n ń hun aṣọ, wọ́n ń ṣe bàtà àti ọṣẹ, nígbà tó jẹ́ pé àtùpà ni ọ̀pọ̀ ìlú tó tóbi jù wọ́n lọ ń tàn.

Ní 1977, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Stanley Barrett tẹ ìwé jáde nípa bí ìlú yìí ṣe gòkè àti bí ó ṣe ṣubú. Ọdún yẹn ni mo máa ń dúró lé. Ìṣubú tí Barrett ń wí kò kan òkun. Kí àwọn ọdún 1960 tó parí ni wọ́n ti tú àpò ìlú, tí wọ́n gba olúkúlùkù láàyè kí ó máa ṣòwò fún ara rẹ̀, tí àwọn kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í là ju àwọn kan lọ.

Òkun dé lẹ́yìn náà. Yìnyín ayé ń yọ́, omi tó gbóná sì ń fẹ̀, nítorí náà òkun ń ga sí i. Etíkun Ayétòrò kò ní yanrìn tí ó lè gba ìjà ìgbì. Ẹrẹ̀ ni, ó sì rẹlẹ̀. Àwọn ojú omi tí wọ́n gbẹ́ nítorí epo rọ̀bì ti ṣínà fún omi iyọ̀ wọ àárín irà, ó sì ti pa igi tó ń di ilẹ̀ mú. Ilé ti lọ, ilé ẹ̀kọ́ ti lọ, ibojì òkú pàápàá ti wọ omi. Láti 2004 ni wọ́n ti gbé iṣẹ́ ìdáàbòbò etíkun fún agbaṣẹ́ṣe. Ogún ọdún kọjá, àwọn ará ìlú ṣì ń wá odi náà.

Mi ò sọ pé àpò ìlú ì bá dá Àtìláńtíìkì dúró. Kò sí ìlú tí àpò rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń rò ni pé ìlú tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tan iná ti di ìlú tí onílé kọ̀ọ̀kan ń dá tú pákó tirẹ̀ sẹ́yìn bí omi bá ti dé ẹnu ọ̀nà, tí ẹni tí agbára rẹ̀ bá gbé e á sì ṣí lọ pátápátá.

Èkó náà ní ìtàn tirẹ̀. Láàárín 1908 sí 1912 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì to òkúta ńláńlá sẹ́nu ọ̀sà kí ọkọ̀ òkun lè ráyè wọlé. Yanrìn tí omi máa ń gbé láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn kò rí ọ̀nà kọjá mọ́, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ etíkun Bar Beach. Lónìí, níbẹ̀ gan-an ni wọ́n ti da yanrìn sínú òkun, tí wọ́n kọ́ Èkó Àtìláńtíìkì fún àwọn olówó, tí wọ́n sì fi odi òkúta dáàbò bò ó. Àwọn ará abúlé Òkun Àlfà, níhà ìlà oòrùn, ń pariwo pé ọ̀dọ̀ àwọn ni ìgbì náà wá darí sí. Odi ẹnì kan, ìgbì aládùúgbò rẹ̀.

Ènìyàn ni mo ń bẹ̀rù ju omi lọ. Ayé Yorùbá ti tú rí, a sì mọ ohun tí a ṣe fún ara wa. Nígbà tí agbára Ọ̀yọ́ ń wó lọ, ọmọdékùnrin kan tó ń jẹ́ Àjàyí bọ́ sọ́wọ́ àwọn akónilẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821. Àwọn ará Ọ̀yọ́ wà lára àwọn tó kógun ja ìlú rẹ̀. Wọ́n tà á, wọ́n tún un tà, títí ó fi dé inú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, òun ló wá di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún mìíràn kò rí ẹni gbà wọ́n. Brazil àti Cuba ni ọkọ̀ já wọn sí. Ilé ń wó, àwọn kan ń fi ará ilé pawó.

Síbẹ̀, nínú ayé kan náà yẹn ni àwọn Ẹ̀gbá tí ogun lé kúrò nílé forí pamọ́ sábẹ́ àpáta Olúmọ, tí wọ́n tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830. Ìlú kọ̀ọ̀kan gbé orúkọ rẹ̀ àti oyè rẹ̀ wá, wọ́n sì jọ ń ṣọ́ odi kan. Ní Cuba, àwọn Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Lùkùmí níbẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ń dáwó sin òkú ara wọn, wọ́n sì ń dáwó ra ẹlòmíràn kúrò nínú oko ẹrú. Irú àpò tí Ayétòrò fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú ni àwọn yẹn jókòó rán nínú ìdè.

Ọdún 2024 ni ooru ayé kọ́kọ́ fi odindi ọdún kan kọjá ìwọ̀n Celsius 1.5 lórí ti ìgbà tí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ kò tíì dé, ìwọ̀n tí àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò lé lórí ní Paris ní 2015 pé àwọn á sapá kí ayé má kọjá rẹ̀. Ọwọ́ mi kò tó ìyẹn. Àdúgbò tí mo ń gbé ní Ìbàdàn, ìlú tí àwọn tí ogun ìgbà ìwó Ọ̀yọ́ tú ká sọ di tiwọn, ni mo wá ń wò. Ilé kọ̀ọ̀kan ló dá gbẹ́ kànga tirẹ̀, ó dá ra jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀, ó dá gba ọdẹ tirẹ̀. Onílé kọ̀ọ̀kan ti di ìjọba ìbílẹ̀ fún ara rẹ̀. Ẹni tí fẹ́ńsì kò bá sì tẹ́ lọ́rùn mọ́ á máa wá físà. Gọ́tà tó gba iwájú gbogbo wa kọjá nìkan ni kò ní baba. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí odò Ògùnpa kún ní oṣù August 1980, kò béèrè ẹni tó ní fẹ́ńsì àti ẹni tí kò ní.

Ìpàdé onílé kò dùn ún lọ. Ariwo kì í tán níbẹ̀: ta ló ti san, ta ni kò tíì san, ta ló kó owó èsí jẹ. Mo ń lọ ṣá. Mi ò rò pé gọ́tà wa yóò mú ooru ayé rọlẹ̀. Mi ò sì ní sọ fún ará Ayétòrò pé ìṣọ̀kan ló máa gbà á lọ́wọ́ òkun lónìí. Odi tí ìjọba jẹ ẹ́ ló nílò. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí omi bá dé, kò ní sí àyè pé à ń ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ bí a ṣe ń gbẹ́kẹ̀ lé ara wa. Àwọn tí a ti bá jà lórí owó gọ́tà, tí a sì jọ gbẹ́ ẹ lẹ́yìn ìjà, ni a óò lè pè lórúkọ.