Ìwọ̀n Eku, Ìwọ̀n Ìtẹ́: Irú Tẹlifóònù Wo Ni Ó Tó Wa?

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yege nínú baccalauréat wá béèrè irú tẹlifóònù tí ó yẹ kí òun rà. Ó ní ohun mẹ́ta ni òun fẹ́ fi ṣe: kí òun máa pe àwọn òbí òun ní Kétu, kí òun máa ka ímeèlì tí yunifásítì bá fi ránṣẹ́, kí òun sì máa kọ àkókò ẹ̀kọ́ àti àdéhùn òun sílẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ojú rẹ̀ ti wọ̀ fẹ̀ bí àwo, owó rẹ̀ sì ju owó yàrá oṣù mẹ́fà lọ. Ìbéèrè ọjà lásán ni a kọ́kọ́ pè é. Nígbà tí a rò ó síwájú, a rí i pé ìbéèrè ìwà ni: kí ni ó tó ènìyàn, ta ni ó sì yẹ kí ó pinnu rẹ̀?

Àwọn àgbà sọ pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Òwe yìí kò ní kí eku máa gbé inú ihò tí ó há. Ohun tí ó ń wí ni pé kí ilé bá onílé mu. iPhone àkọ́kọ́, tí ó jáde ní 2007, kò ní ojú tí ó ju íńṣì 3.5 lọ láti igun dé igun, síbẹ̀ ó ń pe ènìyàn, ó ń gba ímeèlì, ó sì ń tọ́jú àdéhùn. Lónìí, ojú ọ̀pọ̀ tẹlifóònù ti kọjá íńṣì 6. Apple ṣe iPhone 13 mini, oníńṣì 5.4, ní 2021. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, kò sí mini mọ́ nínú àwọn tuntun tí ó gbé jáde. Kì í ṣe lẹ́tà ni ó béèrè fún ojú gbàràgbàdà bẹ́ẹ̀. Fídíò àti eré ni.

Ọ̀rọ̀ ńlá kò fi dandan béèrè ohun ńlá. Láyé àtijọ́, owó ẹyọ ni àwọn baba wa fi ń pa àrokò. Ẹyọ mẹ́fà a máa sọ fún ẹni tí a fi í ránṣẹ́ sí pé ọkàn wa ń fà sí i. Ẹyọ mẹ́jọ a máa sọ pé ọ̀rọ̀ wa jọ. Àtẹ́lẹwọ́ kan gba gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó gbà á yóò jókòó, yóò rò ó, kí ó tó dáhùn.

Àwa tí a ń kọ èyí kò mọ́ nínú ọ̀ràn náà. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a gbé tẹlifóònù fífẹ̀ kan lọ kí ẹ̀gbọ́n ìyá wa ní abúlé kan lẹ́bàá Ṣábẹ̀ẹ́. Bàbá ń ki oríkì orílẹ̀ ìyá wa fún wa. Ẹ̀rọ náà tàn lórí itan wa, a wò ó. Ó tún tàn, a tún wò ó. Bàbá dákẹ́. Ó ní: «Bí ìwọ àti àlejò rẹ bá parí ọ̀rọ̀ yín, kí o pè mí.» A dọ̀bálẹ̀, a bẹ̀ wọ́n. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó di ìgbà mìíràn. Ìgbà mìíràn náà kò dé tí wọ́n fi papò dà. Ìdajì oríkì ìyá wa ni ó wà lọ́wọ́ wa dòní.

Ẹnìkan lè sọ pé tẹlifóònù kékeré náà lè jí odidi ọjọ́ kan lọ mọ́ ènìyàn lọ́wọ́. Òótọ́ ni, abẹ́rẹ́ kéré, síbẹ̀ kì í ṣe mímì adìẹ. Bẹ́ẹ̀ ni àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú, tàbí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní kọ̀ǹpútà tí ó sì ń ka odidi ìwé lórí tẹlifóònù, ní ìdí rere láti ra èyí tí ó fẹ̀. Nítorí náà, kíkéré fúnra rẹ̀ kì í ṣe ìwà rere. Ìwà rere ni kí a ti ka iṣẹ́ wa kí a tó wo ẹ̀rọ, kí ẹ̀rọ má baà ka iṣẹ́ tuntun fún wa.

Ohun tí a sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ wa nìyí. Wá èyí tí àtàǹpàkò rẹ lè dé gbogbo igun rẹ̀ bí o bá fi ọwọ́ kan mú un, tí ó wọ àpò, tí iná rẹ̀ sì lè dúró láti àárọ̀ di alẹ́. Pa gbogbo ìró rẹ̀ àfi ti ìpè àti ti àdéhùn. Ka ímeèlì lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, bí ẹni tí ó lọ wo àpótí lẹ́tà. Kàlẹ́ńdà rẹ̀ kò mọ̀ ju ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje lọ. Ṣùgbọ́n bí o bá ní kí ó máa rán ọ létí ní ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin, yóò bá ọjà ọrọọrún ilé rìn, nítorí pé àwa a máa ka ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Kí ẹ̀rọ kọ́ bí a ti ń ka ọjọ́. Kí ó má ṣe máa ka ọjọ́ wa fún wa.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, kí a tó na owó wa sórí ìsọ̀ ní Àjàṣẹ́ tàbí ní Kútọnu, ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù bi ara rẹ̀ pé: nígbà tí àgbà bá ń bá mi sọ̀rọ̀, ibo ni ohun tí mo fẹ́ rà yìí yóò wà?