Ta Ni Ó Ni Àmì Náà?

Ìwọ òǹkàwé mi, bóyá lọ́jọ́ kan ìwọ náà yóò ṣí ilé ìtajà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ń fi iná mànàmáná rìn. Ìwọ yóò ya àmì kan sára pátákó rẹ̀, kí a lè mọ ọjà rẹ yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1965 gbà ọ́ láyè láti fi àmì bẹ́ẹ̀ sínú ìwé ìjọba fún ọdún 7, kí o sì tún un ṣe fún ọdún 14 sí i. Ṣùgbọ́n ṣé ẹni tí ó kọ́kọ́ kọ àmì sílẹ̀ ni ó ni ín ní tòótọ́?

Gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Ṣáínà. Ní ọdún 2006, ọdún tí ilé-iṣẹ́ Tesla ti Amẹ́ríkà fi ọkọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ han ayé, oníṣòwò kan ní Ṣáínà ní kí ìjọba kọ orúkọ náà sílẹ̀ fún òun. Òfin ibẹ̀ sì ń gbè lẹ́yìn ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé. Nígbà tí Tesla bẹ̀rẹ̀ sí ta ọkọ̀ níbẹ̀ ní ọdún 2014, ọkùnrin náà pè é lẹ́jọ́, ó ní kí ó ti àwọn ilé ìtajà rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà ni wọ́n parí ìjà, ó sì gbà kí a pa àmì tí ó kọ sílẹ̀ rẹ́.

Má ṣe yára dá a lẹ́bi. Ẹni tí ó sùn tí kò ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ẹ̀bi tirẹ̀. Tesla pàápàá, orúkọ Nikola Tesla ni wọ́n mú, onímọ̀ iná mànàmáná tí ó kú ní ọdún 1943. Kí ni ó wá yà wọ́n sọ́tọ̀? Iṣẹ́ ni. Ọ̀kan ti ṣe ọkọ̀ tí ń jẹ́ orúkọ náà. Ìwé ni ó wà lọ́wọ́ èkejì. Ẹni tí ó kọ ilà ìdílé onílà sí ojú ara rẹ̀ kò tipa bẹ́ẹ̀ di ọmọ ilé náà.

Nítorí náà, tètè kọ àmì rẹ sílẹ̀, nítorí àìbìkítà kì í ṣe ìwà rere. Ṣùgbọ́n bí o bá rí orúkọ ẹlòmíràn tí òfin kò tíì dáàbò bò, má ṣe fọwọ́ kàn án. Nígbà tí tìrẹ bá sì ti wà nínú ìwé, rántí pé bí o bá ta ọkọ̀ tí bátìrì rẹ̀ ti gbó fún ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé ọ, àmì yẹn kan náà ni yóò jẹ́rìí takò ọ́. Ìjọba lè fún ọ ní àmì. Ìwà rẹ ni yóò sọ ọ́ di orúkọ rere.