Ojú Ọ̀run Ni Ká Kọ́kọ́ Gbé Dúró

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó wá. Ìṣọ́ra ni àwọn àgbà ń fi òwe yìí kọ́ wa, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí òwe náà bá mu tinú tẹ̀yìn: iṣẹ́ ọwọ́dilẹ̀ àwọn tó ń to ọkọ̀ ojú irin kékeré, tòun ti ìlú, odò àti òkè rẹ̀, sórí pèpéle pákó nínú ilé wọn. Òkèèrè gan-an ni ohun tí kì í tó wọn. Ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, ìwọ̀n tó gbajúmọ̀ jù lọ ni HO, níbi tí a ti fi 87 pín ìwọ̀n gbogbo nǹkan gidi. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Pèpéle tó fẹ̀ ní 60 sẹ̀ǹtímítà láti etí rẹ̀ dé ògiri, ilẹ̀ bíi mítà 52 péré ló dúró fún, ìyẹn bí ìdajì gígùn pápá bọ́ọ̀lù. Kìlómítà kan á gba mítà 11 ààbọ̀. Yàrá wo ló fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ohun tí ilẹ̀ kò ráyè ṣe yìí, àwòrán ẹ̀yìn ló ń ṣe é: ògiri fẹ́lẹ́ tí a kùn ní àwọ̀ ojú ọ̀run, tí a ya òkè ọ̀nà jíjìn sí, tó dúró lẹ́yìn ohun gbogbo bí aṣọ tí àwọn ayafọ́tò wa máa ń ta sẹ́yìn oníbàárà. Ọ̀pọ̀ ló fi ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá, bí ẹni ń wá gèlè lẹ́yìn tó ti múra tán. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Òun ló yẹ kó kọ́kọ́ dúró, kí irin kankan tó balẹ̀ nítòsí rẹ̀.

Ẹ wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Hardboard tó nípọn ní mìlímítà 3 ni ọ̀pọ̀ ń lò, torí pé ó ń tẹ̀ láìdá. Pátákó yìí máa ń mu ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, á wú. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, á súnkì. Ó yẹ kó ti gbé inú yàrá náà fún ọjọ́ mélòó kan kí a tó kàn án, kí a sì kùn ún lójú, kí a kùn ún lẹ́yìn. Igun yàrá ni ọgbọ́n pọ̀ sí jù. Ojú ọ̀run kò ní igun. Ìlà òòró kan ṣoṣo tí ojú bá rí níbẹ̀ ti sọ fún un pé inú ilé ló wà. Ìdí nìyí tí a fi ń tẹ pátákó bí ọrun kọjá igun. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: bí a bá jẹ́ kó tẹ̀ gbòòrò, á gbà, bí a bá fagbára há a mọ́ igun, á ya. Aṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí pátákó méjì pàdé láàárín ibi tó tẹ̀ yẹn. Etí pátákó kì í fẹ́ tẹ̀ bí àárín rẹ̀, yóò máa tiraka láti nà padà, oríkèé náà á sì yọ gọngọ síta bí eegun orúnkún. Ibi tí ògiri ti nà tààrà ni kí oríkèé wà. Kí a fi pákó pẹlẹbẹ sẹ́yìn rẹ̀, kí a fi gọ́ọ̀mù àti síkúrù so etí méjèèjì mọ́ ọn, kí a fi téépù àti púùtì dí i, kí a wá fi sáńpépà fá a títí àtẹ́lẹwọ́ kò fi ní mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ inú rẹ̀. Ìlà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí, tó bá ti là sójú ọ̀run, gbogbo òkèèrè tí a fẹ́ fi han ojú ti parẹ́ nìyẹn. Bí ògiri bá wá kẹ́yìn, ta ló fẹ́ máa fá púùtì lórí igbó kékeré tó fi oṣù mẹ́ta gbìn ní igi kọ̀ọ̀kan, kí eruku máa rọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì, kí ìgbọ̀nwọ́ máa wó òrùlé?

Àwọn kan á ní: báwo lèèyàn ṣe lè ya àwòrán ẹ̀yìn ilẹ̀ tí kò tíì mọ bí yóò ṣe rí? Ìbéèrè náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀run nìkan ni a ní láti kọ́kọ́ kùn. Àwọn òkè lè dúró títí ilẹ̀ iwájú wọn yóò fi gbára jọ. Ọ̀dà tí kì í dán ni kí a lò. Kí ó dúdú díẹ̀ lókè, kí ó máa ṣí bọ̀ nísàlẹ̀ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun, torí pé ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ẹsẹ̀ ọ̀run bọ̀ gba inú afẹ́fẹ́ tó pọ̀ jù kọjá. Afẹ́fẹ́ yìí kan náà ló ń bu búlúù àti funfun lu òkè tó jìnnà. Ẹni tó bá ti wo òkè lásìkò ọyẹ́ kò nílò olùkọ́ lórí èyí. Ibi tí ilẹ̀ àti ọ̀run ti pàdé tún wà ńbẹ̀. Lórí ilẹ̀ títẹ́ tàbí òkun, ìlà yẹn kì í kúrò ní ọ̀gangan ojú ẹni tó ń wò ó. Bí pèpéle bá ga ní 120 sẹ̀ǹtímítà, tí ojú òǹwòran sì wà ní 160, ìlà náà á wà ní 40 sẹ̀ǹtímítà sókè pèpéle. Ẹni tí kò bá tíì ní ògiri, ibo ló fẹ́ fa ìlà yẹn sí, báwo ló sì ṣe fẹ́ mọ bí òkè iwájú ṣe yẹ kó ga tó?

Àwọn ilé ọnà ti rí èyí tipẹ́. Ní American Museum of Natural History ní New York, gbọ̀ngàn àwọn ẹranko Áfíríkà tí wọ́n fi orúkọ Carl Akeley pè ṣí ní 1936. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ẹranko ibẹ̀, ògiri tó tẹ̀ ni wọ́n ya àwòrán sí. James Perry Wilson, tó kọ́ṣẹ́ yíya àwòrán ilé kó tó débẹ̀ ní 1934, máa ń fa ìlà ìbú àti òòró sára ògiri bẹ́ẹ̀, ó sì ń ṣírò bí títẹ̀ ògiri yóò ṣe da àwòrán rú lójú òǹwòran, kó lè tún un ṣe kó tó ya á. Kò sí bí irú ìṣirò yẹn ṣe lè ṣẹlẹ̀ bí ògiri bá jẹ́ àfikún. Láàárín àwọn tó ń to ọkọ̀ ojú irin kékeré, John Allen ní Monterey, ní California, tí iṣẹ́ fọ́tò ti là lójú, tilẹ̀ fi dígí kún ìlú kékeré rẹ̀ kí ilẹ̀ lè dà bí ẹni pé ó ń lọ síwájú sí i.

Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra, ṣùgbọ́n ti inú yàrá kò tó ilé àti igi láti fara tì. Bí ilé kékeré kan bá sún mọ́ ògiri jù, òjìji rẹ̀ á ṣubú sójú ọ̀run, kò sì sí ìlú tí irú rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀ láyé. Ẹni tó ti ní ògiri nílẹ̀ á tan iná, á rí òjìji, á sì sún irin síwájú kí ó tó kàn án mọ́lẹ̀. Á rí i pẹ̀lú pé ọ̀nà tó kọrí tààrà sí ògiri á ṣẹ́ níbi tó ti kàn án, pé ó sàn kó yà sẹ́yìn ilé tàbí òkìtì kan.

Àwọn mìíràn á ní kí a kúkú ra fọ́tò ńlá tí wọ́n ti tẹ̀ jáde, kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri nígbàkúùgbà. Fọ́tò dára, mi ò bá a jà, bí oòrùn inú rẹ̀ bá ti ń bọ̀ láti ìhà kan náà pẹ̀lú gílóòbù yàrá, tí àwọ̀ rẹ̀ kò sì pọ́n ju ti igi iwájú rẹ̀ lọ. Àmọ́ fọ́tò ló ń fi àbùkù ògiri hàn jù. Gbogbo kókó abẹ́ rẹ̀ ló ń yọ síta, ó sì ń fẹ́ ọwọ́ méjì àti àyè gbalasa kó má baà wú. Ẹni tó ti kọ́ tirẹ̀ tán láìní ọ̀run ńkọ́? Kí ó gé pátákó kéékèèké tó lè gba ẹ̀yìn ilé kọjá, kí ó kùn wọ́n tán níta, kí ó fi nylon bo ìlú rẹ̀, kí ó wá máa kì wọ́n bọ̀ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò ní lè fi sáńpépà fá oríkèé wọn. Ilé ìkẹ́rùsí gíga kan tàbí igi mẹ́ta ni yóò dí ọ̀kọ̀ọ̀kan lójú, kí àlàfo tó gba ìka ọwọ́ mẹ́rin sì wà láàárín wọn àti ọ̀run.