Ilé Ijó Tí Ó Ti Di Ahoro

Kíkà: 1 Jòhánù 3:19–21



Àwa tí a ti dàgbà mọ ohun tí a fẹ́ sọ. Bí a bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ijó àtijọ́, tí páànù rẹ̀ ti ṣí, tí ewúrẹ́ ń sùn níbi tí olórin ń dúró sí, ọkàn a kọ́kọ́ dùn, kí ó tó bàjẹ́. A ó rántí Super Borgou ti Parakou, ẹgbẹ́ Moussa Mama. Orin tí wọ́n kọ láti 1970 sí 1976, ilé iṣẹ́ àwo kan ní Jámánì tún kó wọn jọ ní 2012. Ìlù kò ṣẹ̀ wá o. Dáfídì pàápàá jó níwájú àpótí ẹ̀rí.

Jẹ́ kí a sọ òtítọ́ sí i: kì í ṣe ìwàásù wa nìkan ni ó lé ènìyàn kúrò níbẹ̀. Ní 1989, ilé ìfowópamọ́ ìjọba ti wó, òṣìṣẹ́ ìjọba ń ka oṣù láìrí owó. Ta ni yóò sanwó fún onílù?

Ìyá kan wà láàárín wa tí kì í gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kọjá. (Ó gbà fún wa kí a sọ ọ́, láìdárúkọ.) Nígbà èwe rẹ̀, ó fi ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná sílẹ̀ fún àbúrò rẹ̀ kékeré, ó lọ jó títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọmọ náà yè. Ó ti bí ọmọ mẹ́rin báyìí, ó sì ti wí pé, "Màmá, èmi ò tiẹ̀ rántí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀." Síbẹ̀, gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni ìyá wa ń gbààwẹ̀ lórí rẹ̀. Bí a bá ní kí ó wá jókòó níwájú, á ní òun kò yẹ.

Ìyá wa, ta ni ẹ ń gba ààwẹ̀ náà fún? Ọlọ́run ti gbọ́ ti àkọ́kọ́. Ọmọ ti dárí jì yín. Ẹ̀yin nìkan ni ó kù. Jòhánù mọ̀ pé ọkàn ènìyàn a máa jókòó bí adájọ́ lé olúwarẹ̀ lórí. Ó sì fi hàn wá pé Adájọ́ mìíràn wà tí ó ga jù ú.

A kò ní kí ẹ gbàgbé. Bí orin náà bá pa yín lẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó jó lálẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ ogún ọdún ni. Ẹ fi ojú tí ẹ fi ń wo ọmọ-ọmọ yín wò ó.

Ẹni tí irú ẹrù yìí bá wà lọ́rùn rẹ̀, kí ó dúró lẹ́yìn ìsìn Ọjọ́rú. A kò ní béèrè àbẹ́là tàbí tùràrí. A ó kàn jókòó lórí ẹní, kí ó sọ ọ́, kí a gbọ́.