Ta Ló Ń Sọ Pé Oúnjẹ Ti Tó?

Bí ẹni tó fẹ́ fọn bá gba áàpù tí wọ́n fi ń ka kálórì sórí fóònù rẹ̀, ìbéèrè díẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bi í: ọmọ ọdún mélòó ni, ọkùnrin ni àbí obìnrin, báwo ló ṣe ga tó, kílò mélòó ló wọ̀n, mélòó ló sì fẹ́ wọ̀n. Kí ó tó ṣẹ́jú, áàpù náà ti gbé ìdáhùn jáde: 1,500 kálórì lóòjọ́, tàbí 1,400, tàbí 1,200 pàápàá. Láti ìgbà náà lọ, gbogbo ohun tó bá kan ẹnu rẹ̀ ni wọ́n á máa yọ kúrò nínú iye yẹn. Búrẹ́dì àárọ̀, wọ́n yọ ọ́. Ìrẹsì ọ̀sán, wọ́n yọ ọ́. Bó bá rìn, wọ́n á dá díẹ̀ padà fún un. Kí ó tó sùn lálẹ́, yóò yẹ ohun tó kù wò. Bó bá ti jẹ kọjá iye náà, nọ́ńbà á di pupa lórí ọ̀pọ̀ nínú àwọn áàpù wọ̀nyí.

Ẹni tó bá rí pupa yẹn kì í sọ pé ìṣirò òun ò bára mu. Ohun tó máa ń sọ ni pé òun ti ṣe ohun tí kò dáa, òun ti ba ọjọ́ náà jẹ́, lọ́la òun á fi ebi san án. Èdè ẹ̀ṣẹ̀ àti ètùtù ni. Ìbéèrè tó ń dúró de ìdáhùn ni pé, ta ló sọ kálórì di ọ̀rọ̀ ẹ̀rí ọkàn? Àti pé ṣé nọ́ńbà tiẹ̀ lè sọ fún ènìyàn pé oúnjẹ tó jẹ ti tó?

Ọmọ oníwàásù ló gbé kálórì wọ abọ́ oúnjẹ àwọn ará Amẹ́ríkà. Oníwàásù Mẹ́tọ́díìsì ni bàbá ọkùnrin náà, Wilbur Atwater. Wesleyan, ilé ẹ̀kọ́ gíga tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀ ní Middletown, ní ìpínlẹ̀ Connecticut, ni òun náà ti ń ṣe olùkọ́. Ní àwọn ọdún 1890, òun àti Edward Rosa, onímọ̀ físíìsì, kan yàrá kékeré kan tí ooru kò lè jáde níbẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n wọ̀n ọ́n. Ènìyàn ni wọ́n ń tì mọ́ inú rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ibẹ̀ ló ti ń jẹun, ibẹ̀ ló ti ń sùn, ibẹ̀ ló ti ń wa kẹ̀kẹ́ tí kò kúrò lójú kan. Wọ́n wọn oúnjẹ tó wọlé, wọ́n wọn ìgbẹ́ àti ìtọ̀ tó jáde, wọ́n wọn èémí rẹ̀ àti ooru ara rẹ̀. Iṣẹ́ Atwater ló bí ìṣirò tó ṣì wà lẹ́yìn páálí oúnjẹ títí dòní: kálórì 4 fún gíráàmù kan èròjà tó ń mú ara dàgbà, 4 fún sítáàṣì àti ṣúgà, 9 fún ọ̀rá.

Ọ̀kan nínú àwọn ìwádìí náà dá wàhálà sílẹ̀. Atwater fún àwọn tó wà nínú yàrá ní ọtí, ó sì rí i pé ara ń jó ọtí bó ṣe ń jó oúnjẹ, tó sì ń rí agbára nínú rẹ̀. Inú bí àwọn ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ tó ń gbógun ti ọtí nígbà náà, inú àwọn tó ń ta ọtí sì dùn. Ọmọ Mẹ́tọ́díìsì, nínú ilé ẹ̀kọ́ Mẹ́tọ́díìsì! Bẹ́ẹ̀, ọkùnrin yìí kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ mutí. Ó kàn ní kálórì wà nínú rẹ̀ ni. Ọ̀tọ̀ ni pé nǹkan lágbára nínú, ọ̀tọ̀ ni pé ó yẹ ní jíjẹ tàbí ní mímu. Yàrá Atwater mọ ti àkọ́kọ́ yẹn dunjú. Ti ìkejì kò sí lára ohun tí wọ́n kọ́ ọ fún, ìdí sì nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni máa retí kí nọ́ńbà tó ti ibẹ̀ jáde dá òun láre tàbí kó dá òun lẹ́bi.

Ẹni tó fi ìdálẹ́bi kún un ni Lulu Hunt Peters, obìnrin oníṣègùn kan láti California. Ní 1918, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní ṣì ń jà, ó gbé ìwé kan jáde, Diet and Health, with Key to the Calories. Ó ní kí àwọn obìnrin má sọ pé awẹ́ búrẹ́dì kan mọ́. Kí wọ́n máa sọ pé 100 kálórì búrẹ́dì. Òun fúnra rẹ̀ ti sanra rí, ó mọ ìyà tó wà níbẹ̀, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rín báni sọ òdodo. Ṣùgbọ́n àsìkò ogun ni. Ìjọba ń bẹ ará ìlú kí wọ́n dín oúnjẹ kù, kí ó lè kárí àwọn ọmọ ogun àti àwọn tí ebi ń pa ní Yúróòpù. Peters so ọ̀rá mọ́ ọ̀rọ̀ yìí: bí ìwà ọ̀daràn bá ni kí ènìyàn kó oúnjẹ pamọ́ sílé, ẹni tó kó o pamọ́ sára ńkọ́? Ó ní kí àwọn obìnrin dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n máa ṣọ́ ìwọ̀n ara wọn láti fi bá Kaiser, olú ọba Jámánì, jà. Ogun parí ní oṣù November ọdún náà. Ẹ̀sùn tó fi kan ẹni tó sanra kò bá ogun lọ.

Àwọn tó ti ń ronú nípa ọ̀fun tipẹ́ kò wò ó báyìí rárá. Ní ọ̀rúndún kẹfà, Póòpù Gregory Ńlá ka ọ̀nà márùn-ún tí ọ̀fun ń gbà múni ṣẹ̀, Thomas Aquinas sì tún un tò ní ọ̀rúndún kẹtàlá. Kí ènìyàn jẹun kí àkókò tó tó. Kí ó máa wá kìkì oúnjẹ olówó ńlá. Kí ó ní àfi bí wọ́n bá se é báyìí, tí wọ́n bù ú báyìí, ni òun tó lè jẹ ẹ́. Kí ó máa fi ìwàǹwára jẹ ẹ́. Kí ó jẹ ẹ́ jù. Nínú márààrún, ẹyọ kan ṣoṣo ló kan iye. Gregory fi Esau ṣe àpẹẹrẹ ìwàǹwára: ìpẹ̀tẹ̀ ẹ̀wà lásán, oúnjẹ tálákà, ló ta ogún ìbí rẹ̀ lé lórí. Kálórì inú àwo yẹn kò lè pọ̀. Ẹni tó bá jẹ 1,200 kálórì lónìí, tí ọkàn rẹ̀ kò sì kúrò nídìí oúnjẹ láti òwúrọ̀ dalẹ́, kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ọ̀fun lójú Gregory.

Nínú ìsìn Ìsìláàmù, hádíìsì kan wà tí Tirmidhi gbà sílẹ̀ tó pín ikùn sí mẹ́ta: ìdá kan fún oúnjẹ, ìkan fún ohun mímu, ìkan fún èémí. Ìwọ̀n ni èyí náà, ṣùgbọ́n ikùn oníkálùkù ni òṣùwọ̀n rẹ̀, ikùn ọmọdé kì í sì í ṣe ikùn alágbẹ̀dẹ. Aristotle, amòye Gíríìkì, ti sọ ohun tó jọ ọ́ ní ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún ṣáájú Aquinas. Bí òṣùwọ̀n oúnjẹ mẹ́wàá bá pọ̀ jù, tí méjì sì kéré jù, ó ní olùkọ́ eléré ìdárayá kò ní tìtorí pé mẹ́fà ló wà láàrin kó wá ní kí gbogbo ènìyàn máa jẹ mẹ́fà. Mẹ́fà kò tó Milo, oníjàkadì tí òkìkí rẹ̀ kàn. Ó pọ̀ jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìjàkadì.

Àwọn tó ń ṣe áàpù lè sọ pé àwọn náà ń bi oníkálùkù ní ìbéèrè. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìlànà ìṣirò tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń dáhùn, èyí tó jáde ní 1990, ara 498 ènìyàn ni wọ́n ti rí i. Ohun tó bá àárín wọn mu ló ń sọ fún ẹni tó wà níwájú fóònù. Ara kì í sì í dúró sójú kan kí wọ́n lè ṣírò rẹ̀. Ní 2016, àwọn olùwádìí ìjọba Amẹ́ríkà tún àwọn 14 yẹ̀ wò tí wọ́n ti dije láti fọn lórí tẹlifíṣọ̀n nínú ètò The Biggest Loser ní ọdún mẹ́fà ṣáájú. Ọ̀pọ̀ wọn ti tún sanra padà, síbẹ̀ ara wọn ń jó nǹkan bíi 500 kálórì lóòjọ́ kéré sí ohun tí ìṣirò ní kó máa jó. Àlàfo 500 ni ọ̀pọ̀ áàpù ń ní kí ènìyàn fi sílẹ̀ láàrin ohun tó jẹ àti ohun tí ara jó. Ara wọn ti dí i pa.

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ wọ ilé ìdáná. Ṣíbí ìjẹun kan epo tó nǹkan bíi gíráàmù 14, ó sì tó 120 kálórì. Nítorí náà, gbogbo àlàfo ọjọ́ kan kò ju nǹkan bíi ṣíbí epo mẹ́rin lọ. Ta ló ń ka ṣíbí nígbà tó bá ń da epo sí ẹ̀fọ́ rírò? Ojú ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Bí ata bá dín dáadáa, epo á yọ sókè, ẹni tó bá sì bu ọbẹ̀ lókè ìkòkò yóò jẹ epo ju ẹni tó ki ìgbákọ bọ ìsàlẹ̀. Ará Ìbàdàn tó bá tẹ ẹ̀fọ́ rírò sínú fóònù rẹ̀ ń gba iye tí ẹlòmíràn kọ nípa ìkòkò mìíràn, ó sì lè tìtorí iye yẹn sùn pẹ̀lú ọkàn tó gbọgbẹ́. Ìyẹn kò tọ́.

Ebi fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ní oṣù November 1944, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọkùnrin 36 bẹ̀rẹ̀ ìgbé ayé tuntun lábẹ́ pápá ìṣeré Yunifásítì Minnesota. Ẹ̀rí ọkàn wọn kò jẹ́ kí wọ́n gbé ìbọn lọ sógun. Ọmọ ìjọ Brethren, Quaker àti Mennonite pọ̀ nínú wọn. Olùwádìí kan níbẹ̀, Ancel Keys, fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe lè bọ́ àwọn tí ebi ogun ti sọ di eegun ní Yúróòpù, kí ara wọn sì padà bọ̀ sípò. Kí ó tó lè mọ̀ ọ́n, ó nílò àwọn tí yóò gbà kí ebi pa àwọn. Fún oṣù mẹ́fà, wọ́n jẹ nǹkan bíi 1,570 kálórì lóòjọ́, pòtétò, búrẹ́dì, makaróní, wọ́n sì ń rin máìlì 22 lọ́sẹ̀. Bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n ara wọn ló lọ.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lá abọ́. Wọ́n ń gé oúnjẹ wẹ́wẹ́ kí ó lè pẹ́ lẹ́nu. Àwọn ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ ìdáná kò kàn rí ń kó ìwé ìdáná jọ, wọ́n ń kà á bí ẹni ń ka ìwé ìtàn. Obìnrin kúrò lọ́kàn wọn, àwàdà tán lẹ́nu wọn, ohun kékeré ń bí wọn nínú. Nígbà tí wọ́n tiẹ̀ ti ń dá oúnjẹ padà fún wọn, ọ̀kan nínú wọn fi àáké gé ìka ọwọ́ rẹ̀ mẹ́ta, kò sì lè sọ lẹ́yìn náà bóyá òun mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Ọkùnrin tó ń rin máìlì 22 kì í ṣe ẹgbẹ́ obìnrin kúkúrú tó ń jókòó sí ọ́fíìsì, 1,570 kò sì lè jẹ́ ebi kan náà fún àwọn méjèèjì. Ohun tí ìwádìí yìí fi hàn gbangba ni pé ebi tó pẹ́ ń gba inú ọkàn, ó ń lé gbogbo nǹkan yòókù jáde. Àwọn ọkùnrin náà ní ohun tó gbé wọn dúró: wọ́n mọ ẹni tí wọ́n ń torí rẹ̀ pa ebi mọ́ra. Ẹni tó ń pa ebi mọ́ra nítorí kí nọ́ńbà má bàa pupa, kí ló ní? Ní 2017, ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà nípa 105 ènìyàn tí oníṣègùn ti sọ pé àìsàn ọ̀ràn oúnjẹ ń bá jà. Bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn ti lo ọ̀kan nínú àwọn áàpù tó gbajúmọ̀ jù. Nínú àwọn tó lò ó, 73 nínú 100 gbà pé ó lọ́wọ́ nínú àìsàn náà. Ìwádìí náà kò lè sọ bóyá áàpù ló kó àìsàn bá wọn, tàbí àìsàn ló wá áàpù lọ. Síbẹ̀, ohun tí àwọn aláìsàn fi ẹnu ara wọn sọ kì í ṣe ohun tó yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú fò.

Kíkà fúnra rẹ̀ kò lẹ́bi. Nínú ìwádìí tí Kaiser Permanente, ilé iṣẹ́ ìlera kan ní Amẹ́ríkà, ṣe, tó jáde ní 2008, láàrin nǹkan bíi 1,700 ènìyàn, àwọn tó ń kọ ohun tí wọ́n jẹ sílẹ̀ lójoojúmọ́ dín kù ní ìlọ́po méjì àwọn tí kò kọ nǹkan kan. Àwọn ẹlẹ́sìn sì ti mọ agbára yìí kí fóònù tó dé. Ignatius ti Loyola, jagunjagun Sípéènì tó dá ẹgbẹ́ Jésúìtì sílẹ̀, kọ ọ́ sínú ìwé Spiritual Exercises tí wọ́n tẹ̀ ní 1548 pé kí ẹni tó fẹ́ fi ìwà kan sílẹ̀ fa ìlà fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ó máa fi àmì kékeré sí orí rẹ̀ nígbàkúùgbà tó bá ṣubú, kí ó sì máa fi ti òní wé ti àná. Ó kọ ìlànà oúnjẹ pẹ̀lú. Ìgbà tí ènìyàn bá ti jẹun tán, tí oúnjẹ kò wù ú mọ́, ni kí ó pinnu ohun tí òun yóò jẹ nígbà mìíràn. Kí ó máa dín in kù, kí ó sì ṣọ́ra kí àìsàn má wọlé. Bí ara àti ẹ̀mí bá ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kí ó tipa bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó tó òun. Kí ó má sì jẹ́ kí gbogbo ọkàn òun wà nínú àwo.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ti jìyà rẹ̀ ni. Ní Manresa, ní 1522, Ignatius gbààwẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan gbáko láìfi nǹkan kan kan ẹnu, àfìgbà tí àlùfáà tó ń gbọ́ ìjẹ́wọ́ rẹ̀ pàṣẹ fún un pé kí ó jẹun. Inú rírun sì yọ ọ́ lẹ́nu léraléra lẹ́yìn náà.

Áàpù kan wà tó máa ń kìlọ̀ bí iye tí ènìyàn jẹ bá kéré jù, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ni kí ẹni tó mọ̀ ọ́ pè ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní oṣù September 1548, Ignatius kọ lẹ́tà sí Francis Borgia, Dúùkù ìlú Gandía, ọkùnrin tó ti sanra púpọ̀ rí tó sì ń fi ààwẹ̀ fa ara rẹ̀ gbẹ. Lójú ẹni tó ń wo ìwọ̀n nìkan, àṣeyọrí ni. Ignatius ní kí ó dẹwọ́: kí ó tọ́jú ikùn rẹ̀ kó le, kí ó jẹ oúnjẹ èyíkéyìí tí kò léèwọ̀, kí ó sì jẹ ẹ́ níye ìgbà tó bá ṣe é láǹfààní. Ó ní ti Ẹlẹ́dàá ni ara Borgia bí ọkàn rẹ̀ ṣe jẹ́ tirẹ̀, Borgia ni yóò sì jíhìn àwọn méjèèjì.