Kí Ni Ó Wà Ní Ọwọ́ Rẹ?



Bí ọmọdé bá ti ń mọ ọ̀rọ̀ sọ ní àárín wa, ìbéèrè kan kì í pẹ́ dé etí rẹ̀: "Kí ni ìwọ yóò jẹ́ bí o bá dàgbà?" Bí ó bá dáhùn pé dókítà, a ó pàtẹ́wọ́ fún un. Bí ó bá ní agbẹjọ́rò, a ó súre fún un. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní káfíńtà tàbí aránṣọ ni òun fẹ́ jẹ́, a ó rẹ́rìn-ín, a ó sì wí pé ọmọdé ni, yóò gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí a fi ara balẹ̀ yẹ ẹ̀rín yẹn wò lónìí, nítorí ó ti pa ohun rere nínú ọ̀pọ̀ ọmọ kí ó tó hù.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ará Ìlúpéjú gidigidi. Iṣẹ́ ni a fi mọ àdúgbò wa. Láti ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín títí dé Ìkẹjà àti Agége, ilé-iṣẹ́ tẹ̀ lé ilé-iṣẹ́. Ní 1962 ni Guinness ṣí ilé ìpọntí rẹ̀ sí Ìkẹjà, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ tí wọn yóò kọ́ lẹ́yìn òde ilẹ̀ Bírítéènì àti Áyálándì. Àwọn mìíràn sì ti wà níwájú rẹ̀, ọ̀pọ̀ sì dé lẹ́yìn rẹ̀. Àìmọye ìdílé nínú ìjọ yìí ni ó jẹ́ pé ariwo ẹ̀rọ ni ó bọ́ wọn, òun ni ó sì san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ wọn. Síbẹ̀, àwa kan náà tí a ti ibi iṣẹ́ ọwọ́ jẹun ni a ń fi iṣẹ́ ọwọ́ dẹ́rù ba ọmọ wa. A ó ní, "Bí o kò bá kàwé rẹ, ẹnu iṣẹ́ ni n ó fi ọ́ sí!" Bí ẹni pé ẹ̀wọ̀n ni ẹnu iṣẹ́.

Àwọn tí ń ṣe ètò ẹ̀kọ́ ti gbìyànjú láti tún èrò yìí ṣe. Ní 2011, ìjọba àpapọ̀ mú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ 34 wọ inú ètò ẹ̀kọ́ àwọn kíláàsì àgbà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, a sì là á kalẹ̀ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan, ó kéré tán. Àwọn olùkọ́ mìíràn tilẹ̀ ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ ìwádìí, pé kí wọ́n yan iṣẹ́ mẹ́ta, kí wọ́n tọ àwọn tí ń ṣe é lọ, kí wọ́n bi wọ́n léèrè bí a ti ń kọ́ ọ àti èrè rẹ̀ àti ìnira rẹ̀, kí wọ́n sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan nínú ìjọ wa wà lẹ́nu irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ní sáà ẹ̀kọ́ tí ó kọjá. Ó fún mi láyè láti sọ ọ́, bàbá rẹ̀ náà sì gbà, bí n kò bá ti dárúkọ wọn. Ó mú ìwé rẹ̀ wá fún mi, mo sì kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Iṣẹ́ dókítà ni ó kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n ó dà bí ọ̀rọ̀ tí a kọ́ sórí: dókítà a máa gbani là, dókítà a máa lówó. Iṣẹ́ ilé-ìfowópamọ́ ni ó tẹ̀ lé e. Ó kọ ojú ìwé kan àbọ̀, ó sì dákẹ́. Iṣẹ́ kẹta ni ìtẹ̀wé, tí ó lọ wò ní ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Ṣómólú ní ọjọ́ Sátidé mẹ́ta. Níbẹ̀ ni ìwé náà ti yípadà. Ojú ìwé mọ́kànlá ni ó kọ. Ó ṣe àlàyé pé àwọ̀ mẹ́rin péré ni ẹ̀rọ fi ń tẹ gbogbo àwòrán tí a ń rí nínú ìwé: àwọ̀ aró, àwọ̀ pupa, àwọ̀ ìyeyè àti dúdú. Ó ní olúkúlùkù àwọ̀ ni ó ní àwo irin tirẹ̀, bí ọ̀kan bá sì yẹ̀ díẹ̀, bí ìbú irun orí lásán, ojú ènìyàn tí a tẹ̀ yóò di méjì. Ó kọ nípa obìnrin tí ń ṣọ́ ẹ̀rọ náà, ẹni tí ń fi etí mọ̀ bí ẹ̀rọ kò bá yá, kí ó tó fi ojú rí i. Ní ìsàlẹ̀, ó kọ ọ́ pé, "Mo fẹ́ mọ ohun tí obìnrin yìí mọ̀."

Ẹ̀yin ará, ẹ wo ìwé tí ẹ mú lọ́wọ́ yìí. Ọwọ́ irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni ó gbà kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Olùkọ́ wọn ní kí òbí fi ọwọ́ sí ìwé náà kí a tó gbà á. Bàbá ọmọ náà kọ̀. Ó ti lé ní ogún ọdún tí ó ti ń ru ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí. Ó wí fún mi pé, "Fáda, n kò fi ẹ̀yìn mi ru ẹrù láti ọjọ́ yìí wá kí ọmọ mi lè máa fọ tàdáwà kúrò ní èékánná." N kò lè bá a wí. Ìfẹ́ ni ó ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ìbẹ̀rù sì wà nínú ìfẹ́ náà. Ó mọ ohun tí ojú òṣìṣẹ́ ń rí. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí a fi ń yangàn pàápàá kì í ṣe títí láé. Ní 2008 ni Dunlop dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì padà sílé. Ẹni tí ó bá ní kí bàbá má bẹ̀rù, kò tíì gbé ẹrù bàbá.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí Ìwé Mímọ́ wí. Nígbà tí Ọlọ́run pe Mósè ní aginjù, tí Mósè ń ṣe àwáwí, Ọlọ́run kò bi í léèrè ohun tí ó fẹ́ dà. Ohun tí ó wà ní ọwọ́ rẹ̀ ni ó bi í. Ọ̀pá darandaran lásán ni. Ọlọ́run kò ní kí ó sọ ọ́ nù kí ó lọ yá idà Fáráò. Ọ̀pá náà ni a nà sórí òkun, òun náà ni a sì fi lu àpáta kí omi lè jáde.

Ẹ tún ka Ìwé Sírákì, orí 38. Orí yẹn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú oníṣègùn, ó sì pàṣẹ pé kí a bọlá fún un, nítorí Olúwa ni ó dá a. Nítorí náà, bàbá tí ó ń fẹ́ kí ọmọ òun di dókítà kò ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n kí orí náà tó parí, ó mẹ́nu kan àgbẹ̀, ẹni tí ń fín èdìdì, alágbẹ̀dẹ àti amọ̀kòkò. Lóòótọ́, ó gbé ọgbọ́n akọ̀wé ga, ó sì sọ pé a kì í pe àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ sí ìgbìmọ̀ ìlú. Síbẹ̀ ó kìlọ̀ pé láìsí wọn, ìlú kò lè ṣeé gbé. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn sì ni àdúrà wọn. Ẹ kíyè sí i pé inú orí kan náà ni dókítà àti alágbẹ̀dẹ wà. Àwa ni a yà wọ́n nípá.

Ní ilẹ̀ Yorùbá níhìn-ín, Ìjọ wa ti rí èso ẹ̀kọ́ yìí. Ní 1947, àwọn Fáda SMA dá ilé iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi tí Fáda Kevin Carroll ti bá àwọn gbẹ́gilére ṣiṣẹ́. Bándélé, ọmọ Àreògún ará Òsì, wà níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ìlá Ọ̀ràngún, Làmídì Fákẹ́yẹ, ti kọ́ṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti mọ igi í gbẹ́ láti ilé bàbá rẹ̀. Mùsùlùmí ni Làmídì, ṣùgbọ́n ó gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ilé ìsìn àwọn Àgùdà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ọwọ́ tí ó mú àáké àti ọ̀bẹ náà ni ó wá di ọwọ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, òun ni ó gbẹ́ ère Odùduwà tí ó wà níbẹ̀, àjọ UNESCO sì bọlá fún un ní 2006, ọdún mẹ́ta kí ó tó kú. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹlòmíràn a gba ẹnu ìwé dé ibi iṣẹ́; ẹlòmíràn a gba ẹnu iṣẹ́ dé ibi ìwé.

Bẹ́ẹ̀ ni Póòpù Jòhánù Pọ́ọ̀lù Kejì, nígbà tí ogun lé e kúrò ní yunifásítì, fọ́ òkúta ní ibi ìwakúta láti 1940, lẹ́yìn náà ni ó sì ṣe lébìrà ní ilé-iṣẹ́ Solvay ní Kraków. Nígbà tí ó di Póòpù, ó kọ ìwé Laborem Exercens ní 1981, ó sì kọ́ wa nínú rẹ̀ pé ohun tí ó fi iyì sára iṣẹ́ ni pé ènìyàn, àwòrán Ọlọ́run, ni ó ń ṣe é. Ṣáájú èyí, ní 1955, Póòpù Píúsì Kejìlá ti fi ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ṣe ọjọ́ Jósẹ́fù Mímọ́ Òṣìṣẹ́. Ǹjẹ́ a lè máa tẹ́wọ́ sí Jósẹ́fù nínú àdúrà, kí a sì máa fojú tín-ín-rín ọmọ tí ó fẹ́ fara wé e?

Mo sọ nǹkan wọ̀nyí fún bàbá náà, mo sì bẹ̀ ẹ́ ní ohun kan ṣoṣo: kí ó bá ọmọ rẹ̀ lọ sí Ṣómólú kí ó tó kọ̀. Ó lọ. Ó rí obìnrin náà lẹ́nu iṣẹ́. Ó bi í léèrè iye ọdún tí ó fi kọ́ ọ, ìwé tí ó kà, àti bí ó ti ń tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Kò tíì gbà tán. Ó ṣì ń retí pé ọmọ òun yóò wọ yunifásítì, èmi náà sì ń retí rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ sí ìwé náà.

Ẹ̀yin òbí, ohun tí mo ń bẹ̀ yín kò ju èyí lọ. Ẹ má ṣe dáhùn ìbéèrè tí Ọlọ́run bi ọmọ yín. Ẹ bá a gbọ́ ọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọmọ lè mọ ohun tí ó ń fa ọkàn rẹ̀; ẹ̀yin ni ẹ mọ ohun tí ó máa ń ná ènìyàn. Ẹ jùmọ̀ rò ó.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi ṣe àwáwí láti sá fún ìwé. Obìnrin tí ń ṣọ́ ẹ̀rọ yẹn ń ka ìwé ẹ̀rọ rẹ̀ lálaalẹ́. Bí ẹ bá ń wá iṣẹ́, ẹ bi ara yín léèrè nǹkan mẹ́ta níwájú Olúwa: Kí ni a fi sí mi lọ́wọ́? Ta ni yóò rí ànfààní rẹ̀? Ǹjẹ́ mo lè ṣe é láìpurọ́, láìjalè? Bí ó bá sì jẹ́ iṣẹ́ àlùfáà tàbí ti Sístà ni ìdáhùn rẹ, má ṣe tijú láti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ pẹ̀lú.

Àti ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́, ẹ̀yin awẹ́dà, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin oníṣirò owó, ẹ̀yin tí ẹ ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ilé-iṣẹ́ gbogbo: bí ọmọ kan bá mú ìwé àti gègé wá sí ẹnu ọ̀nà yín, ẹ má lé e. Ẹ fún un ní ìjókòó, ẹ sì sọ òtítọ́ iṣẹ́ yín fún un, èyí tí ó dùn àti èyí tí ó korò. Ìtọrẹ àánú ni èyí pẹ̀lú.

Kí Jósẹ́fù Mímọ́, tí ó fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bọ́ Ọmọ Ọlọ́run, gbàdúrà fún àwọn ọmọ wa, kí ohun tí Ọlọ́run fi sí ọwọ́ wọn má bàa jábọ́ nítorí ẹ̀rín wa. Àmín.