Ewé Tó Pẹ́ Lára Ọṣẹ

Àwọn àgbà ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Ewé tí wọ́n fi ń di ọṣẹ dúdú lọ́jà ni wọ́n wò tí wọ́n fi pa òwe náà, ọ̀rọ̀ àjọṣe ẹ̀dá sì ni a sábà máa ń fi í ṣe. Èmi fẹ́ dá a padà sídìí ọṣẹ lónìí, nítorí ohun tí àwọn kan ń fi sára ọṣẹ báyìí kò yẹ kó débẹ̀ rárá.

Ìjọra Badia, ní Èkó, ni mo ní lọ́kàn. Ilẹ̀ àbàtà ni. Nígbà tí ìjọba fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn tíátà ìjọba àpapọ̀ sí Ìgànmú, Badia ni wọ́n kó àwọn ará abúlé Olúwọlé tí wọ́n lé kúrò níbẹ̀ lọ lọ́dún 1973. Ìlàjẹ wà níbẹ̀, Ègùn wà níbẹ̀, àti àwọn mìíràn láti ibi gbogbo. Níbi tí ilé bá ti há mọ́ra, tí ooru ń mú, tí òjò rọ̀ tí omi kò rí ibi gbà, làpálàpá àti kúrúnà kì í pẹ́ ràn láti ara ọmọ kan dé ara èkejì. Ọṣẹ tó dára kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí níbẹ̀.

Ọṣẹ dúdú kò ju eérú, omi àti àdín lọ. Èèpo kókó gbígbẹ tàbí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ni a ń sun di eérú. A ó da eérú sínú ìkòkò tí a dá ihò sí nídìí, a ó bu omi lé e lórí. Omi tó ń kán jáde nísàlẹ̀ ni agbára ọṣẹ. Omi náà le débi pé ẹni tó bá tọwọ́ bọ̀ ọ́ yóò mọ̀ ọ́n lára. Òun ni a ń sè pọ̀ mọ́ àdín, tí a ó máa rò ó títí yóò fi ki. Ẹni tó bá ń kánjú kò gbọdọ̀ sún mọ́ iná yẹn. Ọṣẹ tí kò jinná ṣì ní omi eérú tí kò tíì wọnú àdín, irú rẹ̀ ló ń ta ọmọdé lára bí ata.

Ní Badia, yàrá kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń gbé, kò sì sí ẹ̀yìnkùlé tí èèyàn yóò ti sun èèpo kókó láìfi èéfín da aládùúgbò láàmú. Mi ò rí àbùkù kankan nínú kí èèyàn ra ọṣẹ dúdú lásán, kó gún un nínú odó, kó fi ewé tirẹ̀ sí i. Ewé asúnwọ̀n òyìnbó ni ti làpálàpá. Ẹfinrin ń bá kòkòrò àrùn jà. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ti fi òróró rẹ̀ ṣe ìpara fún irorẹ́. Ṣùgbọ́n kí ewé gbẹ dáadáa ní ibòji kó tó wọnú ọṣẹ. Ewé tútù àti omi kànga àdúgbò àbàtà ló ń mú ọṣẹ bu. Bí omi yóò bá wọ̀ ọ́, omi tí a sè tó ti tutù ni, ìwọ̀nba díẹ̀ sì ni.

Ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Bí omi rẹ̀ bá wà lára tí oòrùn sì pa á, a máa jó awọ, a sì máa dá àpá dúdú sí i. Lẹ́yìn ìwẹ̀, ẹ fi òrí para, nítorí ọṣẹ eérú a máa fọ ọ̀rá ara lọ.

Èyí tó ń dùn mí jù ni àpòpọ̀ tí wọ́n ń pè ní ọṣẹ ìbílẹ̀, tó jẹ́ pé ìpara tó ń bó àwọ̀ ni wọ́n rò mọ́ ọn. Ewé ni wọ́n yà sára ike, májèlé ló wà nínú rẹ̀. Mẹ́kúrì inú irú ìpara bẹ́ẹ̀ a máa ba kíndìnrín jẹ́, aboyún a sì máa tipa bẹ́ẹ̀ kó o ran ọmọ inú rẹ̀. NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, kò fàyè gba mẹ́kúrì nínú ohun ìpara, hydroquinone, èròjà mìíràn tó ń bó àwọ̀, kò sì gbọdọ̀ ju ìdá 2 nínú 100 lọ. Òwe wa kò yọ májèlé sílẹ̀: òun náà, bó bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ, yóò sì bá ọṣẹ dé awọ, dé inú ẹ̀jẹ̀.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí a kọ́kọ́ fi ọṣẹ tuntun kan inú apá, kí a dúró di ọjọ́ kejì kí a tó fi wẹ gbogbo ara. A kì í dán an wò lára ọmọ ọwọ́.

Ẹ̀yin tó ń po ọṣẹ tà láti Badia dé Ajégúnlẹ̀, ẹ kọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ pò ó sára ike. Kí ẹ tó gbé e lọ sọ́jà, ẹ lọ gba nọ́ńbà NAFDAC. Ẹ̀yin tó ń rà, ẹ bèèrè. Bí olùtà bá kọ̀ tí kò sọ ohun tó fi sí i, ẹ fi ọṣẹ rẹ̀ sílẹ̀ fún un.